Ṣé dandan ni kí obìnrin jìyà nínú fíìmù kó tó mọ ara rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, la jọ wo The Color Purple tuntun, èyí tí wọ́n ń kọrin nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà la wo A Tribe Called Judah. Ọmọ mi wá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fìyà jẹ obìnrin dúdú nínú fíìmù kí ojú ẹ̀ tó là. Mi ò rí èsì fún un. Bàbá ẹ̀ ló dáhùn láti yàrá pé kí obìnrin lè kọ ọkọ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò sí èyí tí obìnrin ti mọ ara ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ lù ú bí bàrà? Tó bá wà, èwo ni kí n bá ọmọ mi wò? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kí n kọ́kọ́ fún ọmọ yín lésì tirẹ̀: kì í ṣe dandan. Fíìmù tí obìnrin dúdú ti mọ ara rẹ̀ láìjẹgba wà, ó ti wà láti ọdún 1982. Aráyé ni kò rí i. Màá dé orí rẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ.

Ìdí tí ìyà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fún lẹ́bùn. Hattie McDaniel ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ẹ̀bùn fíìmù tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1940. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe. Octavia Spencer gba tirẹ̀ lọ́dún 2012, ọmọ ọ̀dọ̀ lòun náà ṣe. Ìyá tó ń fojú ọmọ bíbí inú rẹ̀ rí màbo ni Mo'Nique ṣe tó fi gbà á lọ́dún 2010, nígbà tó sì di 2014, Lupita Nyong'o gbà á fún ẹrúbìnrin tí wọ́n dè mọ́ òpó, tí wọ́n fi pàṣán bó lẹ́yìn. Mi ò sọ pé wọn ò mọ eré ṣe o! Ẹni tó bá rí Nyong'o níbi òpó yẹn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó fẹ́ fowó sílẹ̀ máa ń wo èyí tó gba ẹ̀bùn lánàá kó tó fọwọ́ sí ti ọ̀la. Bí ìyà bá ń gba ẹ̀bùn, ìyà ni àwọn òǹkọ̀wé yóò máa kọ. Viola Davis, tí òun àti Spencer jọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú The Help, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times lọ́dún 2018 pé òun kábàámọ̀ pé òun ṣe é, torí nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ohùn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn kọ́ la gbọ́.

Nítorí náà, mo ní ohun kan tí mo máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ fíìmù kíkọ lọ́dọ̀ mi ṣe. Ẹ yọ ẹni tó ń fìyà jẹ obìnrin náà kúrò nínú ìtàn. Kí ló kù? Ṣé ó ku ohun tí obìnrin náà ń wá fúnra rẹ̀, ohun tó ń rò, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín? Bí kò bá ku nǹkan kan, a jẹ́ pé ìtàn ẹni tó ń nà án ni wọ́n kọ, òun kàn wà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹni nà.

Ẹ fi èyí wo Celie inú The Color Purple. Ó yege, àmọ́ kì í ṣe níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ìran tí gbogbo ayé rántí ni ti ìdí tábìlì oúnjẹ, níbi tó ti na ọ̀bẹ sí Mister, ọkọ rẹ̀, tó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, tó ṣẹ́ èpè fún un, tó ní òun ń lọ. Ìran yẹn dùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Nínú ìwé tí Alice Walker kọ, èyí tó jáde lọ́dún 1982 tó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 14 ni Celie nígbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Ọlọ́run. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí Ọlọ́run kì í ṣe odi. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni kò rí. Nígbà tí Shug Avery, olórin tí Mister ń fẹ́, bá a rí àwọn lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀, Nettie, ti ń kọ sí i láti ọjọ́ yìí, tí Mister ń kó pa mọ́, ohun tó rí gbà ni ìròyìn pé ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun rò pé òun dá wà. Ibẹ̀ gan-an ni ojú rẹ̀ ti là. Ọ̀bẹ orí tábìlì, èyí tó kù ni.

Bẹ́ ẹ bá rí ti ọdún 1985 tí Steven Spielberg darí, ẹ máa wo ọwọ́ Whoopi Goldberg, tó ṣe Celie. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ á ti bo ẹnu. Wọ́n ti sọ fún un títí pé kò lẹ́wà, ó sì ti gbà. Shug mú un dúró níwájú dígí, ó fà á lọ́wọ́ kúrò lẹ́nu, ẹ̀rín sì tú jáde. Kò sí ariwo, kò sí ìjà. Mo lè fi gbogbo ìran ìdí tábìlì ṣe pààrọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn. Nínú èyí tí ẹ̀yin wò, tí ọmọ Gánà nnì, Blitz Bazawule, darí lọ́dún 2023, ohun tuntun tó fi kún un ni pé ó ń fi inú ọkàn Celie hàn wá. Ẹ rántí ìgbà tí Shug wà nínú omi ìwẹ̀, tí a ṣàdédé bá àwọn méjèèjì lórí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tó ń yí? Orí Celie la wà nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n ń nà ní ilé yìí náà ló ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín bóyá ó rántí ìran yẹn. Mo rò pé yóò rántí.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ wá ńkọ́? Òun kọ́ ló kọ́kọ́ bínú. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde, àwọn ènìyàn dúdú kan gbé pátákó dúró níta sinimá ní Los Angeles, wọ́n ní ó ba ọkùnrin dúdú lórúkọ jẹ́. Àríyànjiyàn yẹn pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an létí bí ìtàn ṣe parí. Mister ló ná owó rẹ̀ kí Nettie àti àwọn ọmọ Celie lè padà wálé. Nínú ìwé Walker, ó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: ọkùnrin náà yí padà, òun àti Celie jókòó síwájú ilé, wọ́n jọ ń ránṣọ bí ọ̀rẹ́. Ìyàwó lọ, ọkọ sì di ènìyàn. Ọkùnrin tó bá wo gbogbo nína tí wọ́n na Celie, tó wá jẹ́ pé lílọ tó lọ ló bí i nínú, kó tún un wò.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé òfìfo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣà kan wà nínú irú fíìmù yìí ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ní mímọ ara ẹni kò ju kí obìnrin fi ọkùnrin sílẹ̀, kó gé irun, kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 1995, Angela Bassett kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú mọ́tò nínú Waiting to Exhale, ó ṣáná sí i, ó sì rìn kúrò. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ nínú sinimá. Títí dòní, àwòrán iná yẹn ń káàkiri. Kí ni obìnrin yẹn ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Díẹ̀ ló rántí, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìtàn.

Ti A Tribe Called Judah yàtọ̀. Mo gbádùn rẹ̀, mo sì bá Fúnkẹ́ Akíndélé yọ̀ pé òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilẹ̀ wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Jedidah bí ọmọkùnrin márùn-ún fún ọkùnrin márùn-ún tí ẹ̀yà wọn kò dọ́gba. Ìtàn ńlá wà nínú bí obìnrin kan ṣe rin ọ̀nà yẹn! Ohun tí fíìmù ṣe ni pé kíndìnrín dá a dúbúlẹ̀, àwọn ọmọ sì lọ jalè láti rí owó ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń pinnu, àwọn ló ń sáré, àwọn ló ń kú. Fíìmù náà fẹ́ràn ìyá gan-an, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò ráyè bi í ní ohun tó ń rò. Ìfẹ́ ìyá pọ̀ nínú fíìmù wa, ká bi ìyá léèrè ọ̀rọ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tí mo ṣèlérí. Losing Ground ni orúkọ rẹ̀. Kathleen Collins, obìnrin dúdú tó ń kọ́ni ní City College ní New York, ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Sara Rogers, tí Seret Scott ṣe, jẹ́ olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú wọn á yìn ín tán, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kún un, bí ẹni pé ti ọkọ ni ọgbọ́n náà. Victor, ọkọ rẹ̀, ń ya àwòrán, mùsíọ́mù kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí wọ́n lọ gba ilé sí ìlú kékeré kan fún ìgbà ẹ̀rùn. Sara ní iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́, ó fẹ́ wà nítòsí ilé ìkàwé. Ẹ ti mọ ẹni tó borí.

Ohun tí Sara ń ṣèwádìí rẹ̀ ló mú kí fíìmù náà wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ohun tí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn bọ́ kúrò nínú ara rẹ̀: ayọ̀ tó ń gbé ni lọ, irú èyí tó máa ń bá ẹni tó ń gbàdúrà, tàbí oníṣọ̀nà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára. Ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó lójú agbo mọ ohun tí obìnrin yìí ń fi ìwé wá kiri. Victor máa ń rí tirẹ̀ nígbà tó bá ń kun àwòrán. Ìyá Sara, tó jẹ́ òṣèré, máa ń rí tirẹ̀ lórí ìtàgé. Sara nìkan ló jókòó ti bébà. Kò sẹ́ni tó nà án. Kò sẹ́ni tó lé e jáde nílé. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ ni pé ó mọ ohun gbogbo nípa ayọ̀ àyàfi bó ṣe máa ń rí lára.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ṣe eré nínú fíìmù kékeré kan, ìtàn obìnrin tí ọkọ dalẹ̀ rẹ̀ tó sì yìnbọn pa á. Sara, tí kì í jó, lọ jó níwájú kámẹ́rà. Nígbà tó padà dé, Victor ti ń lé obìnrin mìíràn kiri, ó sì ń ṣe é lójú rẹ̀. Sara bínú, ó fọ ọ̀rọ̀ sí i lójú bí kò ṣe fọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí fíìmù kékeré yẹn, ó gbé ìbọn eré sókè, Victor fúnra rẹ̀ dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Obìnrin náà yìnbọn. Ojú rẹ̀ nígbà yẹn kò ṣeé sọ. Ó parí síbẹ̀. Wọn ò sọ fún wa bóyá ó kọ ọkọ. Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń wá nínú ìwé ló rí lára ara rẹ̀, ó dùn ún, ó sì gbé e lọ.

Losing Ground kò dé sinimá bí fíìmù ṣe ń dé sinimá nígbà ayé ẹni tó ṣe é. Collins kú lọ́dún 1988, ẹni ọdún 46. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nina, ló wá iṣẹ́ ìyá rẹ̀ jáde, wọ́n tún un ṣe, sinimá sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 33. Lójú tèmi, obìnrin dúdú tó kàwé, tó ń ronú, tí kò tòṣì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún lọ́rùn, kò sí pẹpẹ tí àwọn oníṣòwò fíìmù lè gbé e kà nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yín ṣe wà nínú àpótí fún ọdún tó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo kọ́ lára fíìmù yẹn ni dídákẹ́. Ẹ mọ orin inú fíìmù Yorùbá wa, èyí tó máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ fún wa kó tó ṣẹlẹ̀: ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, orin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún fún un. Mo fẹ́ràn wọn, mo tilẹ̀ mọ àwọn kan kọ lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá ti bá obìnrin rò ó tán, kí ló kù fún un láti rò?

Bí Collins ṣe wo obìnrin kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni Julie Dash wo odidi agbo ilé nínú Daughters of the Dust, tó jáde lọ́dún 1991. Òun ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà darí tó wọ sinimá káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 1902 ni ìtàn náà, ní àwọn erékùṣù etí òkun Georgia àti South Carolina, láàárín àwọn Gullah tí àṣà ilẹ̀ Áfíríkà kò kúrò lára wọn. Ìdílé Peazant fẹ́ kó lọ sí Àríwá lọ́jọ́ kejì. Nana, ìyá àgbà, ní òun ò lọ. Yellow Mary ti ìlú òkèèrè dé, àwọn obìnrin ẹbí sì ń yínmú sí i pé ó ti bàjẹ́. Eula lóyún, òyìnbó ló fipá bá a lò pọ̀, ọkọ rẹ̀ Eli kò sì mọ ẹni tó ni oyún. Ọmọ inú oyún yẹn ló ń pa díẹ̀ nínú ìtàn náà fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá yóò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí àwọn mìíràn kò ní tètè rí. Dash ti ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí bó ṣe ṣe fíìmù náà pé òun gbé àwọn ẹ̀dá ìtàn òun ka orí òrìṣà: Nana ni Ọbàtálá, Eli ni Ògún, Yellow Mary ni Yemọja, Eula ni Ọya, ọmọ inú oyún ni Ẹlẹ́gbára. Ẹ wá wo Eli nígbà tó ń fọ́ ìgò tó wà lára igi. Ẹ wo ọwọ́ Nana tí aró ti wọ̀, tí kò ṣí mọ́. Aláró Abẹ́òkúta kankan mọ ọwọ́ yẹn. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ìtàn yìí, àmọ́ a ò rí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà kò sì padà lọ wá a. Ohun tí Dash fẹ́ ká rí ni Eula nígbà tó dìde láàárín àwọn obìnrin yòókù, tó ní bí wọ́n bá ń tìjú Yellow Mary, ara wọn ni wọ́n ń tì lójú. Òun tí ìyà jẹ ló ń gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Mi ò tíì rí ìran tó fi agbára obìnrin hàn mí tó bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀bẹ, láìsí iná.

Kí n má baà jẹ́ kó dà bí ẹni pé mímọ ara ẹni máa ń bímọ ire nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Diouana. Ousmane Sembène ṣe La Noire de... lọ́dún 1966. Ọmọ Dakar ni Diouana. Tọkọtìyàwó Faransé kan gbà á pé kó máa tọ́jú ọmọ, wọ́n mú un lọ sí Antibes, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gba ìbòjú onígi tó ti fún wọn padà lára ògiri wọn, ó kọ owó wọn, ó sì pa ara rẹ̀ nínú balùwẹ̀ wọn. Ó mọ ẹni tó jẹ́. Kò ní ibi tó lè gbé e lọ ni. Ojú lè là kí ọ̀nà má là.

Tiwa náà wà. Arugbá tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 2008 sọ ìtàn Adétutù, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọrin, tó ń jó, tí wọ́n sì yàn pé kó gbé igbá ọdún ìlú. Kò kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ kó tó dá dúró, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ohun tó ń rùn mí níbẹ̀ ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ wá dá lórí bóyá ó ti mọ ọkùnrin tàbí kò tíì mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yẹ ara ìjòyè kankan wò. Ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí Bọ́láńlé Austen-Peters gbé dé sinimá lọ́dún 2024, tún gba ọ̀nà mìíràn. Bí ìtàn rẹ̀ gan-an ṣe lọ ni pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọjà ló wọlé tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sọ ohun tí owó orí àti àwọn tó ń gba ìrẹsì wọn ń fojú wọn rí. Ẹgbẹ́ yí padà, òun náà yí padà: ó bọ́ gáùn, ó ró ìró. Wọ́n jọ jà títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lọ́dún 1949. Obìnrin yẹn kò wo dígí rárá kó tó mọ ara rẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ bá ọmọ yín wò? Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Rocks, ọdún 2019. Ìlú London ni, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ Olúṣọlá Ọmọ́tọ̀ṣọ́, Rocks ni ìnagijẹ rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú ọmọ yín. Ìyá rẹ̀ fi owó díẹ̀ àti ìwé pélébé sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Rocks ń fi àbúrò rẹ̀ pa mọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba má baà pín wọn níyà. Theresa Ikoko wà lára àwọn tó kọ ọ́, wọ́n sì jókòó ti àwọn ọmọbìnrin tó ṣeré náà fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fi dà bí ti ọmọ ilé ìwé gidi. Bukky Bakray, tí kò ṣe fíìmù rí kó tó ṣe é, gba ẹ̀bùn òṣèré tó ń gòkè bọ̀ ní BAFTA, ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2021. Ìṣòro wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tí Rocks kọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ran òun lọ́wọ́, fún ọmọ tó ti pinnu pé òun ò ní tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ tó le ni. Ẹ̀rín sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Losing Ground ni kó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì pe bàbá rẹ̀ sí i. Victor kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ní ohun tí wọ́n á jọ jiyàn lé lórí. La Noire de... kò gùn, bíi wákàtí kan péré, ṣùgbọ́n ẹ dá a wò kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọmọ wò ó, nítorí ìran balùwẹ̀. Ní ti Daughters of the Dust, èdè Gullah ni wọ́n ń sọ, ẹ tan ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù, ẹ má sì wò ó nígbà tí oorun bá ń kùn yín. Kì í sáré, kì í sì í ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan ta. Bẹ́ ẹ bá sọnù sínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ máa wò ó lọ.